Ògiri Tí A Gbé Lọ sí Àkúrẹ́

Mi ò fẹ́ràn akọ̀wé. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti bá oríṣiríṣi èèyàn jẹun, mo sì ti dárí ji àwọn kan tí kò yẹ kí n dárí jì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, tó ki gègé bọ ẹ̀yìn etí, tó ń wo èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́, inú mi kì í dùn mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi ṣú. Àwọn ọmọ mi ní ó ti pọ̀ jù. Àwọn ò sí ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀, ògiri ilé wa náà sì wà níbẹ̀.

Ibi etí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìkẹ̀rẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń gba ọmọ sílé-ìwé, nítorí kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ tí wọ́n bí wa sílẹ̀. Wọ́n á ní kí o gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kí ìka rẹ kan etí òsì. Bó bá kàn án, o ti tó. Bí kò bá kàn án, máa lọ sílé lọ jẹyán. Orí mi tóbi, apá mi kúrú. Ọdọọdún ni wọ́n ń dá mi padà, tí àwọn ọmọ tí mo ti pọ̀n sẹ́yìn rí ń kọjá lára mi wọ kíláàsì lọ. Tíṣà tó ń wọn etí náà á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ orí ara mi. Ọdún tí ọwọ́ mi wá kan etí gan-an ni bàbá mi fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú oko kòkó.

Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ní oògùn tirẹ̀. Ẹnì kan á lẹ ewé mọ́ ọgbẹ́ náà, ẹnì kejì á ṣí ewé kúrò, á da òróró sí i, ẹnì kẹta á ní òróró kọ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ ni. Ọlọ́gbọ́n ni gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ náà wú, ó dúdú, ó ń rùn, bàbá mi sì kú. Kò sí ẹyọ ẹnì kan láàárín àwọn ọlọ́gbọ́n wọ̀nyí tó fi omi gbígbóná àti aṣọ mímọ́ wẹ ọgbẹ́ náà rí. Èmi ni àkọ́bí, mo mú àdá, mo gba oko lọ, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé sì parí síbẹ̀.

Àwọn tí etí wọn gbà fún, ẹ ò lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ka ìwé mẹ́fà nígbà náà, èèyàn ńlá dé nìyẹn. Á wọ ṣòkòtò péńpé funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí tó fi lè dá dúró, á gun kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri ìlú, á máa fi Gẹ̀ẹ́sì kí ìyá tó bí i. Ọ̀kan wà ládùúgbò wa tí kì í gbé iṣu láti oko mọ́. Ó ní ọwọ́ tó ń mú gègé kò gbọdọ̀ le. Bí iyán bá délẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè, òkèlè rẹ̀ ló sì ń tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé kankan tó ń kà láti ọjọ́ tó ti jáde, àfi èyí tí wọ́n fi di àkàrà fún un.

Ìgbà tí mo ti gbó sínú oko ni ìjọba gbé ìwé àgbà dé, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tí kò kàwé ní kékeré. Ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ. Obìnrin kan tí wọ́n jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìwé orin, bí wọ́n bá sì ti dárúkọ orin, obìnrin náà á yí ìwé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ẹni pé ojú lásán lè jẹ ẹ́ tán. Ìyá mi ní òun máa ní tòun, òun á sì kà á sí i létí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó yí sí mi.

"Uwọ náà, dìde," ó ní. "Orí rẹ tó tóbi yẹn, ká wá ohun tí a ó kó sínú rẹ̀."

Bí èmi àti ìyá mi ṣe di ọmọ kíláàsì kan náà nìyẹn. Bí a bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, a ó wẹ ẹsẹ̀, a ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré nínú ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún wa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wa, nítorí ìjọba ní kó kọ́ wa. Ká sòótọ́, ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n ní kó wẹ adẹ́tẹ̀. Á bọ́ kóòtù rẹ̀ kọ́ sára ìlẹ̀kùn, á sì kọ́kọ́ kó wa lọ ro àgbàdo rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ní kí ara wa lè yá fún ẹ̀kọ́. Àgbẹ̀ tó ti oko dé ló ń kó lọ sóko. A ó ro àgbàdo tán, a ó wá wọlé wá pariwo bá-bé-bí. Bí ẹnì kan bá ṣì í, á ní, "Ẹ̀yin àgbà yìí, bí ẹ bá tètè kú ni, ìwé á sinmi." Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rín. Mo kórìíra rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi, mo sì ń kọ gbogbo ohun tó bá kọ sójú pátákó sílẹ̀, nítorí ohun tó wà lójú pátákó kì í ṣe ti bàbá rẹ̀.

Ìyá mi gba ìwé ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́, ó ní ó tó òun. Èmi lọ síwájú: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní Adó wá dán wa wò, mo sì yege. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan wọ́n pè mí síwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, tòun ti òǹtẹ̀ àti orúkọ mi ní yíǹkì dúdú. Ọ̀gá ilé-ìwé ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò sí lára mi, ó ń wo àwọn tó ń wò ó.

Mo lọ sùn sóko nítorí kòkó tó ń gbẹ. Nígbà tí mo fi máa dé, ìyá mi ti po ògì, ó ti sè é títí tó fi ki, ó ti fi ẹ̀kọ gbígbóná náà lẹ ìwé ẹ̀rí mi mọ́ ògiri pálọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìkórè. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ohunkóhun tó bá níyì nílé wa, ara ògiri là ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí àlejò á ti rí i kó tó rí àga. Àpótí wo ni talákà ní tí ikán kì í mọ̀? Ó sì mọ bí wọ́n ti ń lẹ nǹkan. Gbogbo ẹ̀yìn ìwé náà ló fi ẹ̀kọ kùn, kò fi igun kan sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, ì báà jẹ́ ẹni tó wá tọrọ iná, á yí i kọjú sí ògiri ná kí wọ́n tó kí ara wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ṣọ́jà ń bọ̀ wá gba èèyàn ní Àkúrẹ́. Ojú wo ni ìlú fi ń wo ṣọ́jà? Ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí bàbá rẹ̀ lé jáde nílé. Olè, ọ̀lẹ, ọmọ tó fún ìyàwó oníyàwó lóyún, àwọn ni wọ́n gbà pé ó ń lọ. Àwọn tó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ń sá fún ṣọ́jà bí wọ́n bá rí i lójú títì. Ṣùgbọ́n ìkéde yìí kì í ṣe ti ìbọn nìkan. Wọ́n ní àwọn ń wá ọ̀dọ́kùnrin tí àwọn máa kọ́ ní iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ àti aláìsàn, kí ẹni náà ti ka ìwé mẹ́fà, tàbí kó ní ohun tó bá a dọ́gba.

Ibi "tàbí" yẹn ni mo dì mú. Mi ò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà mọ́. Ẹsẹ̀ bàbá mi ni mò ń rí, bó ṣe dúdú, àti àwọn ọlọ́gbọ́n tó yí i ká. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ti ń di ọgbẹ́. Nǹkan yìí nìkan ni mo tíì fẹ́ láyé mi tí kì í ṣe ẹlòmíràn ló fẹ́ ẹ fún mi, bí ó bá sì jẹ́ pé inú àwọn ṣọ́jà ló wà, màá bá wọn jẹ ẹ̀wà wọn.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìwé ẹ̀rí tèmi bá ìwé mẹ́fà dọ́gba?"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tìrẹ? Ìwé ìrọ̀lẹ́ ni tìrẹ. Ìwé òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ìwé ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa, sà. Ìṣirò kan náà ni."

"Mo kọ́ ọ ní ìṣirò, mi ò sọ ọ́ di ọ̀mọ̀wé. Bí ìwé tìrẹ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ mi, kí wá ni ọmọ mi ń ṣe nílé-ìwé láti kékeré?"

Ọmọ tó ń wí yìí wà nínú yàrá, ó ń sùn, ọ̀sán sì ti pọ́n. Ó ti jáde ìwé mẹ́fà ó lé lọ́dún, iṣẹ́ tó ń ṣe náà ni pé ó jáde ìwé mẹ́fà. Mo bẹ bàbá rẹ̀ pé kó kàn kọ ọ̀rọ̀ méjì fún àwọn ará Àkúrẹ́, pé òun mọ̀ mí, pé mo mọ̀wé. Ó kọ̀. Ó ní bí mo bá gbà pé mo ní ìwé ẹ̀rí, kí n gbé e lọ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ó mọ ibi tí ìwé náà wà. Ó ti jẹ iyán nílé wa rí, ìyá mi ti yí òun náà kọjú sí ògiri. Ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ni mo ti wá kọ́ ọgbẹ́ dídì nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà wí náà ni: bí a ń gúnyán nínú ewé, tí à ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún ọ̀gá ilé-ìwé?

Ó wá ku èmi àti ògiri. Mo kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ họ igun kan, igun náà sì ya. Ìyá mi figbe ta.

"Mọ́ ya á! Mọ́ ya uwé! Orúkọ rẹ ni ún."

Mo ní ká fi omi rin ín. Ó ní omi á kó yíǹkì lọ, òótọ́ sì ni. A jókòó, à ń wò ó. Ẹ̀kọ tí ìyá mi sè dára ju ìwé ìjọba lọ. Níkẹyìn mo dìde, mo mú àáké. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ògiri amọ̀ ni, wọ́n kàn fi ẹfun kùn ún lójú. Mo fi àáké gé e yí ìwé náà ká, díẹ̀díẹ̀, ìyá mi di pákó mú nísàlẹ̀, ìgbà tó sì yá, odindi amọ̀ náà jáde wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lójú rẹ̀, ó nípọn tó ìwé Bíbélì méjì tí a tò léra. A lè rí yàrá ìyá mi láti pálọ̀ báyìí. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ ìró àáké wá, wọ́n wo ihò, wọ́n wo àwa. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Wọ́n rín ẹ̀rín wọn, wọ́n sì lọ bá iyán wọn.

Ìyá mi fi ìró rẹ̀ tó dára jù di amọ̀ náà mọ́ pákó. Nígbà tí mo nawọ́ sí i, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Ó ní ọkùnrin kò mọ ohun ẹlẹgẹ́ gbé, pé èmi tí mo ń ju àpò kòkó sórí lọ́rì, màá fọ́ ọ kí a tó jáde Ìkẹ̀rẹ́. Bó ṣe di pé a jọ ń lọ nìyẹn. Mo fẹ́ lọ di ṣọ́jà, ìyá mi sì ń gbé mi lọ bí ọmọ tó ń lọ sí kíláàsì kékeré.

Lọ́rì tó ti Ìsẹ̀ bọ̀ la wọ̀, ó kún fún epo pupa àti èèyàn. Ìyá mi gbé ògiri lé itan. Nígbàkúùgbà tí lọ́rì bá kó sí kòtò, á gbé e sókè bí ìgbà tí wọ́n ń ju ọmọ ìkókó sókè, á sì gbé e kalẹ̀. Bàbá kan tó jókòó tì wá, Mùsùlùmí ará Èmùré tó ń ta aṣọ, wò ó títí.

"Yèyé, kí lẹ dì un?"

"Uwé ọmọ mi ni."

Bàbá náà wo bó ṣe tóbi tó. Ó ní, "Uwé kàn-ún pọ̀ o." Ó fa ẹrù aṣọ rẹ̀ kan yọ, ó fi tẹ́ abẹ́ pákó náà fún un. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín nínú lọ́rì yẹn. Àwọn tó kù ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà títí a fi kọjá Ìjù, wọ́n ń béèrè bóyá òrùlé ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn náà ni wọ́n ń di adìẹ mú lẹ́sẹ̀ lọ sọ́jà, tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò.

Pápá kan ni wọ́n ti ń gba èèyàn ní Àkúrẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tò lọ bẹẹrẹ, àwọn oníwé mẹ́fà dá dúró sọ́tọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, kí àwọn tí kò mọ̀wé má baà fara kàn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ wọn àyà wa, wọ́n wo eyín wa, wọ́n ní ká sáré. Mo sáré já gbogbo àwọn oní-sítáàṣì yẹn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bì. Sájẹ́ńtì tó ń wò wá gbá mi láyà, ó ní, "Ó dáa, èyí le." Tábìlì akọ̀wé ló wá kù.

Bí mo bá ní kí n ṣàpèjúwe akọ̀wé yìí, ẹ ó rò pé mò ń sọ àsọdùn. Ọmọ dúdú bíi tèmi ni, Yorùbá bíi tèmi, àmọ́ ó ti fọ ohùn rẹ̀ nù títí kò fi ku ìlú kankan nínú rẹ̀. Gègé rẹ̀ wà lẹ́yìn etí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ló ń nà. Ẹni tó bá ní ìwé mẹ́fà á fi lé ọwọ́ náà, á sì kọjá. Nígbà tó kàn mí, ó na ọwọ́, kò rí nǹkan kan, ó wá gbójú sókè. Ìyá mi ń tú ìró.

"Kí nìyí?"

Mo ní, "Ìwé ẹ̀rí mi ni, sà. Ó bá ìwé mẹ́fà dọ́gba."

"Amọ̀ ni mò ń wò."

"Ó wà lójú amọ̀ náà, sà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ni."

Ó dìde dúró kó lè rí i dáadáa, ó sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ará oko tó gbé ilé wá sí iṣẹ́ ṣọ́jà. Wọ́n wá. Gbogbo pápá ló wá. Ó fi ìka kan tọ́ igun rẹ̀, ó nu ìka náà sára aṣọ ìnujú. "Ṣé o fẹ́ ta ilé yín fún ìjọba ni?" Mo ní kó jọ̀ọ́, kó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní òun ti rí i, ìwé àgbà ni, ìwé àwọn ìyá ìjọ. Mo ní ìkéde wí pé "tàbí ohun tó bá a dọ́gba." Ó ní ta ló sọ fún mi pé wọ́n dọ́gba? Mo ní kí òun náà sọ fún mi ẹni tó ní wọn ò dọ́gba. Èyí bí i nínú.

Òyìnbó ọ̀gá wọn jókòó sábẹ́ igi, ó ń mu tíì. Ariwo yẹn ló gbé e dìde. Mo rò pé Ọlọ́run ti dé. Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ògiri ilé wa, ó wo èmi, ó wo ìyá mi tó gbé e lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì tàn bíi ti ọmọdé. Ó sáré padà sábẹ́ igi. Ẹ̀rọ fọ́tò ló lọ mú wá. Ó ní kí ìyá mi gbé e sókè díẹ̀, ó ní kí n dúró tì í, ó ya wá, ó gbá mi léjìká, ó sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan, ó sì padà sídìí tíì rẹ̀. Ó ya ògiri náà, kò ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Bóyá fọ́tò náà ṣì wà nínú àpótí ẹnì kan lókè òkun títí di òní, tí wọ́n fi ń ṣe eré wò lẹ́yìn oúnjẹ.

Akọ̀wé jókòó padà, inú rẹ̀ ti wá dùn. "Sájẹ́ńtì ní àyà rẹ dáa," ó ní. "A máa gbà ọ́. O lè máa ru ẹrù, o lè máa se oúnjẹ. Tẹ̀ka síbí."

Ó ti fọ́ọ̀mù kan sí mi, ó ti yíǹkì dúdú tẹ̀ lé e, irú èyí tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Mo wo fọ́ọ̀mù náà. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n kò le ju èyí tó wà lójú pátákó ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹni tó tẹ̀ka sísàlẹ̀ yìí kò mọ ìwé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n ti ka ìwé yìí sí i létí, ó sì ti yé e.

Mo kà á sókè fún akọ̀wé náà láti òkè délẹ̀. Mo wá bi í pé, "Ta ló kà á sí mi létí?"

"Àwọn èèyàn ń dúró lẹ́yìn rẹ," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́."

Mo mọ̀ pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, mo ti wọlé, bóyá bí mo bá ti wọlé tán, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan á rí i pé mo mọ̀wé, wọ́n á sún mi mọ́ ibi tí wọ́n ti ń di ọgbẹ́. Bóyá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi bóyá dàgbà. Ṣùgbọ́n mo rí i nínú ọkàn mi bí mo ṣe ń fi ìka ara mi jẹ́rìí pé mi ò mọ ohun tí mo mọ̀, kí akọ̀wé yìí lè rí ohun tó ń rò kó wà lákọsílẹ̀, mo sì rí i pé mi ò ní lè ṣe é. Ó sàn kí n máa ro kòkó lọ. Mo na ọwọ́, mo yọ gègé lẹ́yìn etí rẹ̀.

Kó tó yà á lẹ́nu tán, mo ti ń kọ. Ibi tí wọ́n fa ìlà sí fún ìka ni mo kọ ọ́ sí, gàdàgbà. Mo kọ orúkọ tí wọ́n sọ mí. Mo kọ orúkọ bàbá mi tẹ̀ lé e, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, pé orúkọ ẹnì kan kò pé láìsí ti bàbá rẹ̀. Mo gbé gègé náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Akọ̀wé fò dìde. Ó ní mo ti ba ìwé ìjọba jẹ́, pé kò sí ààyè fún mi mọ́, ní ìtọ́jú ọgbẹ́ ni o, ní ìdí ìkòkò ni o, kí n gbé ògiri mi kí n máa lọ. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò tó o. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà sókè kí gbogbo pápá lè rí i.

"Ẹ wá wo jàgajàga! Ẹ wá wo ohun tó pè ní ìwé! Ta ló lè ka èyí nínú yín?"

Àwọn oní-sítáàṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbé ògiri wa kalẹ̀ sórí koríko, ó sún mọ́ tábìlì, ó sì gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá nítorí pé àgbà obìnrin ni, kò bá a jà sí i. Ìyá mi mú un jìnnà sí ojú díẹ̀. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà bí a ti ń ṣe lórí bẹ́ńṣì, ó ń kà á ní ègé-ègé, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè bí ìgbà tí kíláàsì bá ń kà pọ̀. Ó ka orúkọ mi. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó dé ibi orúkọ kejì, ìka rẹ̀ dúró.

Mo mọ ohun tó dá a dúró. Obìnrin ilẹ̀ wa kì í pe orúkọ ọkọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó fi sílẹ̀, pé ká máa lọ sílé, pé àwọn èèyàn yìí kò tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ojú kúrò lára ìwé, ó wo akọ̀wé náà tààrà, ó sì tún gbé ojú lé e.

Ó ka orúkọ bàbá mi. Ó kà á ketekete, kò fo ègé kan, gbogbo pápá gbọ́ ọ, ẹ̀rín sì dá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, tí ìyá mi ń yí nílẹ̀ lẹ́bàá kòtò, "bàbá àwọn ọmọ mi" nìkan ló ń ké.